Bí A Ṣe Ń Fi Ìtóbi àti Ìlò Ilẹ̀ Nẹ́dálándì Wé ti Dẹ́nmáàkì Láìṣìnà

Ẹni tó bá pín ilẹ̀ oko Nẹ́dálándì sí gbogbo ìtóbi orílẹ̀-èdè náà yóò rí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ṣe ti Dẹ́nmáàkì bẹ́ẹ̀, yóò rí 60. Á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlàfo ìdá 17 ló wà láàárín wọn nínú bí wọ́n ṣe ń fi ilẹ̀ dáko. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe, ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Tí ẹ bá yọ omi kúrò, 53 àti 62 ló máa jáde. Ìdajì àlàfo tó kọ́kọ́ rí, inú omi ló wà, kì í ṣe inú oko.

Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ gan-an nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìwé ìròyìn, àti lẹ́nu àwọn tó ń jiyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ń fà á ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín nọ́ńbà kí wọ́n tó béèrè pé "ilẹ̀ wo?" Orílẹ̀-èdè méjì yìí dára láti fi kọ́ iṣẹ́ náà, torí pé méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, méjèèjì ń dáko púpọ̀, nọ́ńbà wọn sì jọra débi tí kò ní ta ẹnikẹ́ni lólobó. Ẹni tó bá lè fi àwọn méjì yìí wéra dáadáa lè fi orílẹ̀-èdè Yúróòpù yòówù wéra.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Kọ̀ǹpútà tó ní Excel tàbí Google Sheets. Fóònù náà lè ṣe é, àmọ́ ojú yóò ro yín.
- Eurostat, ilé iṣẹ́ ìṣirò Àjọṣepọ̀ Yúróòpù. Tábìlì mẹ́ta ni ẹ máa wá níbẹ̀: reg_area3 fún ìtóbi, lan_use_ovw fún ìlò ilẹ̀, àti lan_lcv_ovw fún ohun tó bo ilẹ̀.
- FAOSTAT, ti àjọ oúnjẹ àgbáyé (FAO), ní abala tí wọ́n pè ní Land Use.
- StatLine ti CBS, tí í ṣe ilé iṣẹ́ ìṣirò ìjọba Nẹ́dálándì, àti StatBank ti Dẹ́nmáàkì. Inú wọn ni ẹ máa yẹ̀ wò bí nọ́ńbà bá ta kora.
- QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín wọn ilẹ̀ lórí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ ìwọ̀n wọ̀nyí sí orí tábìlì yín kó má bàa ṣòro láti rí: 1 km² jẹ́ hẹ́kítà 100. Hẹ́kítà 1 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 10,000, ó sì jẹ́ éékà 2.47. Máìlì onígun mẹ́rin 1 jẹ́ 2.59 km².

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ pinnu ibi tí ààlà wà

Orúkọ orílẹ̀-èdè lè kó ju ohun tí ẹ rò lọ. Gírínlándì wà lábẹ́ adé Dẹ́nmáàkì, ó sì lé ní 2,166,000 km². Àwọn erékùṣù Faroe náà wà lábẹ́ rẹ̀, 1,399 km². Ti Nẹ́dálándì, àwọn erékùṣù Karíbíánì mẹ́ta, Bonaire, Sint Eustatius àti Saba, di ara orílẹ̀-èdè náà gan-an ní ọdún 2010. 328 km² ni àpapọ̀ wọn.

Fún ìfiwéra ti Yúróòpù, gbogbo wọn ni ẹ máa yọ. Ẹ kọ ọ́ sí òkè tábìlì pé "apá ti Yúróòpù nìkan". Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹnì kan fẹ́ ka Gírínlándì mọ́ ọn, àmọ́ kó má yí i padà láàárín iṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Nọ́ńbà Dẹ́nmáàkì gbọ́dọ̀ wà ní agbègbè 43,000 km². Bó bá lé ní mílíọ̀nù 2, Gírínlándì ti wọlé. Bó bá jẹ́ 44,000 ó lé, Faroe ni ẹ kò tíì yọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ya omi sọ́tọ̀ kúrò lára ilẹ̀

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ fara balẹ̀.

Àpapọ̀ ìtóbi Nẹ́dálándì jẹ́ bí 41,500 km². Nínú rẹ̀, ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ jẹ́ bí 33,700 km². Nǹkan bí 7,800 km² tó kù, omi ni. Omi yìí sì jẹ́ oríṣi méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àkọ́kọ́ ni omi inú ilẹ̀: odò, adágún, pẹ̀lú IJsselmeer, tí ó tó 1,100 km² fúnra rẹ̀. Òkun ni IJsselmeer tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó fi Afsluitdijk, ògiri ìdídò tó gùn ní kìlómítà 32, dí ẹnu rẹ̀ ní ọdún 1932. Èkejì ni omi òkun tó ń kún tó sì ń fà: Waddenzee ní àríwá, àti ẹnu odò Scheldt ní Zeeland. Wọ́n ka èyí náà mọ́ 41,500 náà.

Ẹ wá wo Dẹ́nmáàkì. Omi òkun Limfjord la àríwá Jylland, apá Dẹ́nmáàkì tó so mọ́ Jámánì, já láti òkun kan bọ́ sí òkun kejì. Ó tóbi dáadáa, ọ̀pọ̀ ìlú ló sì wà létí rẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò kà á mọ́ 43,000 náà, torí pé òkun ni wọ́n pè é. Omi tó wà nínú 43,000 kéré, ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní bí 42,200 km².

Nítorí náà, "àpapọ̀ ìtóbi" ti ọ̀kan ní òkun nínú, ti èkejì kò ní. Ẹni tó bá fi wọ́n wéra dà bí ẹni tó fi kóńgò wọn gààrí fún oníbàárà kan, tó fi dẹ̀ríkà wọn ti èkejì, tó wá ń gba owó kan náà. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó mú wá: pẹ̀lú omi, Dẹ́nmáàkì fi 1,500 km² péré ju Nẹ́dálándì lọ, kò tó ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Láìsí omi, 8,500 km² ló fi jù ú lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nẹ́dálándì.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ kéékèèké. Flevoland, ìpínlẹ̀ kejìlá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1986 lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ omi, ní àpapọ̀ ìtóbi 2,412 km². Ẹni tó bá rí nọ́ńbà yìí á rò pé ilẹ̀ oko ló lọ salalu tó bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ gan-an tó wà níbẹ̀ jẹ́ bí 1,410 km². Ìyókù jẹ́ omi adágún tó yí i ká, tí ààlà ìpínlẹ̀ náà gba àárín rẹ̀ kọjá.

*Ṣọ́ra:* CBS kì í ka omi tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà 6 lọ sí omi. Ilẹ̀ Nẹ́dálándì kún fún kòtò omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa omi kúrò nínú oko, inú ilẹ̀ ni gbogbo wọn bọ́ sí nínú ìṣirò. Bí ẹ bá rí orísun míràn tí ilẹ̀ rẹ̀ dín díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ka kòtò. Iye ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì pàápàá máa ń yàtọ̀ láti orísun kan sí èkejì. Ojútùú rẹ̀ ni pé kí ẹ mú ilẹ̀ àwọn méjèèjì láti orísun kan ṣoṣo.

*Àyẹ̀wò:* Nínú reg_area3, ìlà méjì ló wà fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan: àpapọ̀ àti ilẹ̀ nìkan. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú àkọ́kọ́. Ti Nẹ́dálándì gbọ́dọ̀ fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún km² sílẹ̀. Bó bá fi òdo sílẹ̀, ìlà kan náà ni ẹ mú lẹ́ẹ̀méjì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mú ìwọ̀n àti àmì nọ́ńbà dọ́gba

Àwọn ará Nẹ́dálándì àti Dẹ́nmáàkì máa ń fi àmì ìdánudúró ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, wọn a sì fi kọ́mà ya ìdá. Ohun tí wọ́n kọ ní 41.500 ni àwa ń kọ ní 41,500. Bí ẹ bá dánlóòdù fáìlì wọn sórí kọ̀ǹpútà tí ètò rẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, Excel á ka 33.700 sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá díẹ̀. Kò ní pariwo, kò ní fi àmì pupa hàn. Ìgbà tí ẹ bá pín in tán tí ìdá ọgọ́rùn-ún yín jẹ́ 53,000 ni ẹ máa mọ̀.

Ẹ wo orí kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. FAOSTAT ń kọ ẹgbẹ̀rún hẹ́kítà, nítorí náà 1,800 níbẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà mílíọ̀nù 1.8, ìyẹn 18,000 km². Eurostat ń fi àmì ":" hàn níbi tí dátà kò sí. Ẹ má sọ ọ́ di òdo. Lẹ́tà "b" lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà túmọ̀ sí pé wọ́n yí ọ̀nà ìṣirò padà lọ́dún náà, "e" jẹ́ ìfojúdíwọ̀n, "p" jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n ṣì lè tún ṣe.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di km², kí ẹ wá wo ilẹ̀ oko Nẹ́dálándì (bí 18,000) àti ti Dẹ́nmáàkì (bí 26,000). Èyíkéyìí tó bá ju ilẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ ní ìwọ̀n tí kò tọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yan bóyá ìlò ni ẹ ń kà tàbí ìbora

Ohun tó bo ilẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ṣe. Koríko lè bo ilẹ̀, kó jẹ́ pápá tí màlúù ń jẹ lórí rẹ̀, tàbí pápá bọ́ọ̀lù, tàbí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfuurufú. Ìbora kan, ìlò mẹ́ta. Eurostat ń rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ wo ojú ilẹ̀ fún ìwádìí tí wọ́n pè ní LUCAS, wọ́n sì ń kọ méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí tábìlì rẹ̀ fi jẹ́ méjì.

Ẹ wo Westland, nítòsí ìlú The Hague. Láti ojú sátẹ́láìtì, orí ilé ni ó kún ibẹ̀: gíláàsì tó ń dán, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, títí lọ. Tòmátì, ata àti òdòdó ló wà lábẹ́ gíláàsì náà. Ilẹ̀ oko ni CBS kà á sí. Ẹni tó ń ka ìbora nìkan láìsí ìṣọ́ra lè kó gbogbo rẹ̀ sí abẹ́ ilé.

CORINE, tí í ṣe máàpù ìbora ilẹ̀ Yúróòpù, ní ìsọ̀rí 44 lábẹ́ orí márùn-ún: ilẹ̀ tí ènìyàn kọ́lé sí, oko, igbó àti igbẹ́, àbàtà, àti omi. Ó kéré tán, hẹ́kítà 25 ni nǹkan gbọ́dọ̀ tó kó tó fojú hàn níbẹ̀. Igbó kékeré, ọ̀nà oko, ilé àgbẹ̀ kan àti kòtò rẹ̀, gbogbo wọn á wọ inú ohun tó yí wọn ká. Nítorí náà, oko nínú CORINE máa ń pọ̀ ju èyí tí wọ́n kà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ, ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Kì í ṣe àṣìṣe, ẹ má kàn ṣe fi CORINE ti ọ̀kan wé iye oko tí wọ́n kà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ti èkejì.

Pàkúté tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí wà níbí. Nínú ìṣirò ìlò ilẹ̀ ti CBS, ohun tí wọ́n pè ní ilẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lé ní 22,000 km², torí pé àgbàlá oko, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ àti pápá ẹṣin àwọn tí kì í ṣe àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ pín in sí 41,500 tó ní omi, ẹ máa rí bí ìdá 54. Ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ń lò, 18,000 km², tí ẹ bá pín in sí ilẹ̀ 33,700, ẹ máa rí bí ìdá 53. Nọ́ńbà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ẹnikẹ́ni á sì rò pé wọ́n ń jẹ́rìí síra wọn. Wọn kò jẹ́rìí síra wọn rárá. Oko yàtọ̀, ohun tí wọ́n pín in sí yàtọ̀, kòńgẹ́ lásán ni.

Nípa igbó, ìtumọ̀ FAO ni kí ẹ tẹ̀ lé: ilẹ̀ tó ju ìdajì hẹ́kítà lọ, igi tó lè ga ju mítà 5, kí ewé wọn sì bo ju ìdá 10 ilẹ̀ náà lọ. Ọgbà èso kò sí nínú rẹ̀, igi Kérésìmesì wà nínú rẹ̀. Dẹ́nmáàkì sì ń gbin igi Kérésìmesì tà púpọ̀, òmíràn lórí ilẹ̀ oko. Ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀méjì bí ẹ bá mú oko láti ibì kan, tí ẹ mú igbó láti ibòmíràn.

Pápá koríko náà nílò ojú. Koríko tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lórí ilẹ̀, FAO kà á mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń tú gbìn. Tó bá ti pé márùn-ún, ó di pápá títí láé. Nítorí èyí, màlúù ń jẹko lórí apá kan lára ohun tí tábìlì pè ní ilẹ̀ ìgbìn.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ro oko, igbó àti "ilẹ̀ yòókù" pọ̀. Láti orísun kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ bá iye ilẹ̀ mu. Bí wọ́n bá lé, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀méjì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ pín, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ fi pín

Ilẹ̀ nìkan ni ẹ máa fi pín, bó bá jẹ́ ìlò ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé.

Nẹ́dálándì: oko 18,000 ÷ 33,700 = 53%. Igbó bí 3,700 ÷ 33,700 = 11%.
Dẹ́nmáàkì: oko 26,000 ÷ 42,200 = 62%. Igbó bí 6,400 ÷ 42,200 = 15%.

Ẹ kọ "ìdá nínú ilẹ̀, láìsí omi" sí abẹ́ tábìlì. Ìlà kan yẹn ni òǹkàwé tó mọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ wá.

Ọdún gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú. CORINE ní máàpù ti 1990, 2000, 2006, 2012 àti 2018. Bí ẹ bá lo 2018 fún ọ̀kan, ẹ lò ó fún èkejì. Ọ̀rọ̀ ọdún máa wúwo sí i lọ́jọ́ iwájú: Dẹ́nmáàkì ṣe àdéhùn ní 2024 láti fi igbó tuntun kún ilẹ̀ rẹ̀ ní hẹ́kítà 250,000 títí di 2045. Ìyẹn jẹ́ 2,500 km², ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 6 ilẹ̀ náà, inú ilẹ̀ oko ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti máa jáde. Nọ́ńbà oko àná kò ní bá nọ́ńbà igbó ọ̀la mu.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má fi ojú wọn máàpù

Máàpù tó wọ́pọ̀ lórí fóònù ń fẹ ilẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ òpin àríwá. Ní ibi tí Dẹ́nmáàkì wà, ó ń fi ilẹ̀ hàn bí ìlọ́po 3.2. Ní Nẹ́dálándì, bí ìlọ́po 2.6. Àárín Nàìjíríà kò fẹ́ ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń wo máàpù ń rí Dẹ́nmáàkì tó fi bí ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju bó ṣe yẹ kó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nẹ́dálándì.

Nínú QGIS, ẹ yí ètò máàpù sí EPSG:3035 kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Òun ni wọ́n ṣe fún Yúróòpù kí ìtóbi má bàa yí padà. EPSG:3857 ni ẹ máa bá lábẹ́ ọ̀pọ̀ máàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì, kò wúlò fún wíwọn ilẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wọn Dẹ́nmáàkì. Bó bá jáde ní ohun tó lé ní 130,000 km², 3857 ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi ènìyàn sí i, kí ẹ sì mọ ohun tí ilẹ̀ kò lè sọ

Nẹ́dálándì ní bí ènìyàn mílíọ̀nù 18, Dẹ́nmáàkì ní bí mílíọ̀nù 6. Lórí ilẹ̀ láìsí omi, ìyẹn jẹ́ bí ènìyàn 534 lórí km² kan ní Nẹ́dálándì, àti 142 ní Dẹ́nmáàkì. Bí ẹ bá fẹ́ kó yé àwọn ará ilé, ẹ yí i padà. Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ bí mítà onígun mẹ́rin 669. Tí wọ́n bá pín ilẹ̀ oko nìkan fún gbogbo ènìyàn, ọmọ Nẹ́dálándì kan á gba pulọ́ọ̀tì kan àbọ̀, ọmọ Dẹ́nmáàkì kan á gba mẹ́fà àbọ̀. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà ní ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 náà wà, kò sì ju 465 lọ. Ẹ kọ èyí tí ẹ lò, ẹ má sì gbé pulọ́ọ̀tì wọ inú tábìlì gan-an.

*Ṣọ́ra:* Ẹ má ṣe pín owó tí Nẹ́dálándì ń rí nínú ọjà oko tó ń tà sókè òkun sí hẹ́kítà rẹ̀, kí ẹ wá pe ìyẹn ní èrè ilẹ̀. Púpọ̀ nínú ọjà náà kàn gba ibẹ̀ kọjá ni, tàbí kí wọ́n lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kòkó tí àwọn àgbẹ̀ Oǹdó sá gbẹ ń gúnlẹ̀ sí èbúté Amsterdam, ó sì ń jáde gẹ́gẹ́ bí ọjà Nẹ́dálándì, bẹ́ẹ̀ kò sí igi kòkó kankan lórí hẹ́kítà 1,800,000 náà. Sóyà tí ẹlẹ́dẹ̀ orílẹ̀-èdè méjèèjì ń jẹ náà ní ilẹ̀ tirẹ̀, ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹlòmíràn ní tábìlì yín láìsọ̀rọ̀. Kó sọ fún yín, láti inú tábìlì náà nìkan, bóyá Waddenzee wà nínú nọ́ńbà Nẹ́dálándì tàbí kò sí. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì.